Òwú Aláǹtakùn Tí N Kò Wá

Adájọ́ ti ní kí wọ́n so mí kọ́ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi. Ọjọ́ tí wọn yóò ṣe é, n kò mọ̀. Wọn kì í sọ fún wa tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé mo ń sùn. Wọ́dà tó ń ṣọ́ ọ̀nà wa sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Ìwọ yìí, o máa ń hanrun bí ẹni tó yó iyán." Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wà lómìnira nínú ilé mi ní Ẹdẹ, lórí bẹ́ẹ̀dì tó nípọn, odidi ọdún kan àti oṣù méjì ni oorun fi kọ̀ mí sílẹ̀. Orí símẹ́ńtì níbí ló ti wá mi rí. Nítorí náà, ẹ má tíì káàánú mi. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe ná.

Iṣẹ́ tí mo kọ́ kò wọ́pọ̀. A máa ń tún àwọn ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ àtijọ́ ṣe, àwọn tí sọ́féyọ̀ ń gbé lé orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí á di ojú kan, tí á fi ojú kejì wò láti mọ ibi tí ààlà ilẹ̀ gbà. Idẹ ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Láyé òyìnbó ni wọ́n ti kó wọn wá, púpọ̀ nínú wọn sì ti ń dípẹtà nínú yàrá ẹrù ìjọba. A ó ra irú wọn, a ó tú u palẹ̀, a ó fọ̀ ọ́, a ó tò ó padà, a ó sì tà á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rà á, àwọn awọnlẹ̀ tí apá wọn kò tíì ká ẹ̀rọ ìgbàlódé ń rà á. Àwọn kan sì wà ní Èkó àti lókè òkun tí wọ́n ń rí i lórí fóònù, tí wọ́n fẹ́ gbé e sí pálọ̀ kí àlejò lè béèrè pé kí nìyí.

Bàbá Múfútáù ni ọ̀gá mi, ọmọ agboolé kan láàárín ìlú Ẹdẹ. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n ṣe lábẹ́ ìjọba títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, kí wọ́n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mo wà nígbà tí ìyá mi fà mí lé wọn lọ́wọ́. Ọmọ Onítẹ̀bọmi ni mí, mùsùlùmí ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí Iléyá kan tí itan àgbò kò dé ilé wa. Bí ọmọ bíbí inú wọn ni wọ́n ṣe mú mi. Mo kọ èyí síbí kí ẹ lè mọ ẹni tí mo pa.

Nínú ọ̀pá ìwòran ẹ̀rọ náà, okùn tínńtín méjì ló dábùú ara wọn. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni awọnlẹ̀ ń gbé lé ohun tó ń wò. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, òwú aláǹtakùn ni. Ohun tó tínrín tó bẹ́ẹ̀ tó tún le tó bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ìdí nìyẹn tí igun kan fi wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa, lábẹ́ igi obì, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbá. Àwọn oníbàárà rò pé ọ̀bùn ni wá. Bàbá á tẹ igi ìgbálẹ̀ kan kó lè la ẹnu, wọ́n á fi gbé aláǹtakùn, wọ́n á mì ín jẹ́jẹ́ kó lè já bọ́. Bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, tó ń tú òwú sílẹ̀, ni wọ́n á máa ká a. "Rọra," ni wọ́n máa ń sọ fún mi, "òun náà ń ṣiṣẹ́ o."

Bí a bá parí ẹ̀rọ kan, kì í jáde lọ́jọ́ náà. Bàbá á gbé e sí iwájú ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, wọ́n á wo ṣóńṣó òpó gíga kan tó wà ní òdìkejì odò Ọ̀ṣun. Wọ́n á yí ọ̀pá ìwòran náà padà, wọ́n á tún un wò. Ìyẹn là ń pè ní wíwo lójú méjèèjì. Nígbà tí oòrùn bá ti mú, tí wọ́n bá ti kírun Àìlà tán, wọ́n á tún padà síbẹ̀, nítorí okùn tí kò dára máa ń dẹ̀ nínú ooru. Bí gbogbo rẹ̀ bá bọ́ sójú kan náà, wọ́n á ní, "Ó pé." Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó fọwọ́ sí káàdì funfun kékeré kan, tí wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí àpótí ẹ̀rọ náà. Káàdì yẹn gan-an ni ọjà wa. Awọnlẹ̀ tó bá fẹ́ ra àlòkù, ì báà jẹ́ ará Ìwó tàbí ará Ìlọrin, ìdérí ni yóò kọ́kọ́ ṣí wò.

Nígbà tó yá, ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, kò yanjú. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló kù tí wọ́n ń rí. Wọ́n pè mí jókòó, wọ́n ní, "Ojú tèmi ti tán. Tìrẹ ni n óò máa lò báyìí." Mo sunkún lọ́jọ́ náà, ẹkún òótọ́ sì ni. Láti ìgbà yẹn, èmi ni mò ń wò ó. Bí mo bá ti sọ pé ó pé, wọ́n á na ìka sí mi, n óò gbé e lé orí ìlà tó wà lórí káàdì, wọ́n á sì fọwọ́ sí i.

Odidi ọdún kan ni mo fi ṣe é bó ti yẹ. Lẹ́yìn náà, Iléyá kan kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ẹbí Bàbá tó wá tún ilé ṣe gbá igun ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mọ́ tónítóní, wọ́n tún fọ́n oògùn kòkòrò sí i. Wọ́n rò pé oore ni wọ́n ṣe wá. Aláǹtakùn kan kò ṣẹ́ kù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan sì ń bọ̀ wá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́la. Kí n wọ igbó etí odò lọ wá aláǹtakùn, iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ ni. Ó rẹ̀ mí, oòrùn sì mú. Ìyàwó mi ń dirun fún ẹnì kan ní ìta, irun àtọwọ́dá tó ń lò wà lórí àga. Mo fa ẹyọ kan yọ nínú rẹ̀, mo fi abẹ fá a kó lè tínrín sí i, mo sì fi ṣe okùn ẹ̀rọ. Ó rí rekete lójú.

Bàbá béèrè bí wọ́n ṣe máa ń béèrè.

"Òwú aláǹtakùn ni?"

"Òun ni, Bàbá."

"Ṣé o wò ó lójú méjèèjì?"

"Mo wò ó, sà."

"Láàárọ̀ àti lẹ́yìn Àìlà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé ó pé?"

"Ó pé."

Wọ́n na ìka wọn sí mi. Mo gbé e lé orí ìlà. Ìka náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ká sòótọ́, irọ́ náà kò wúwo rárá lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò padà wá. Mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, pé bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Èmi kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìrókò ni mo gbìn; mo rò pé ọgbọ́n ni. Àwọn tó ń gbé e sí pálọ̀ kò ní fi wọn ilẹ̀, kò sí ewu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń tà á fún àwọn tó ń fi jẹun pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú wọn ni Tìmótì, ọmọ ìlú Ara tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di awọnlẹ̀. Ó máa ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Nígbà tó ń gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ lọ, ó fi ọwọ́ pa káàdì Bàbá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú èyí, ọkàn mi balẹ̀."

Ìdílé méjì ní Alajue gbéṣẹ́ fún un pé kó bá wọn la ààlà oko. Ìjà ààlà náà ti pẹ́, wọ́n sì ti gbà pé ohun tí ẹ̀rọ bá sọ ni abẹ gé. Tìmótì wò láàárọ̀, ó wò lọ́sàn-án. Okùn mi dẹ̀ nínú ooru, ààlà sì yà lọ. Nígbà tí wọ́n máa ri òpó kọnkéré igun ilẹ̀ mọ́lẹ̀, orí sàréè bàbá ìdílé kejì ló bọ́ sí. Àdá jáde. Ọkùnrin kan pàdánù ìka mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kejì, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, Tìmótì gun alùpùpù rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù wa. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Bàbá, ẹ ti ba ayé mi jẹ́! Káàdì yín ni mo gbẹ́kẹ̀ lé! Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ ní Alajue nítorí yín!"

"Rọra, ọmọ mi," ni Bàbá wí. "Gbé ẹ̀rọ náà wá ká wò ó."

"Ta ló máa wò ó? Ẹ̀yin tí ẹ ò ríran? Màá fi ojú yín rí nǹkan! Ẹ jẹ́ ń ti ibi tí mò ń lọ dé ná!"

Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ. Ó fìbínú gun alùpùpù rẹ̀, ó forí lé Ara lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Bàbá fetí sí alùpùpù náà títí ìró rẹ̀ fi jìnnà. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, wọn kò pariwo. Ì bá sàn fún mi ká ní wọ́n pariwo.

"Ọmọ yẹn kò purọ́. Kí lo fi ṣe okùn rẹ̀?"

"Òwú aláǹtakùn ni, Bàbá."

"Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n ń fọ́n oògùn sí igun yẹn. Láti ọjọ́ náà, n kò gbọ́ kí o ṣẹ́ igi ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo. N kò bi ọ́, nítorí pé mo fẹ́ gbà ọ́ gbọ́. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn."

Wọ́n na ọwọ́ wá ọ̀pá wọn, wọ́n dìde. "Wá mú mi lọ sí Alajue. Mo fẹ́ dúró níwájú ìdílé méjèèjì, kí n sọ pé káàdì mi ló tàn wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ẹni tó ti gba káàdì lọ́wọ́ wa láti ìgbà tí ojú mi ti lọ, a ó pè wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Orúkọ wa á bàjẹ́."

"Orúkọ wo la ní báyìí? Bí o kò bá lọ, ọlọ́kadà á gbé mi lọ."

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fi ọ̀pá tọ́ mi lẹ́sẹ̀ kí n yà. Ọ̀kan nínú àwọn ẹsẹ̀ igi tí à ń gbé ẹ̀rọ lé, tó ní irin ní ìdí, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbé e, mo fi lù wọ́n. Wọ́n ṣubú, wọ́n pe orúkọ mi. Mo tún lù wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kíní, mo lè sọ pé ìbínú ni. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo ronú kí n tó ṣe é. Mo ronú pé bí wọ́n bá dìde, Alajue ni wọ́n ń lọ. Ìdí nìyẹn tí n kò fi bá adájọ́ jiyàn.

Mo gba ẹ̀yìn jáde, mo lọ ra oògùn tí à ń fi dan idẹ lọ́jà kí àwọn ènìyàn lè rí mi níbẹ̀, mo padà wá, mo figbe ta. Àwọn ọlọ́pàá bi mí pé ta ló bá Bàbá jà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ní Tìmótì. Òótọ́ sì ni. Òun nìkan ló dá rin ọ̀nà Ara, kò sí ẹni tó lè jẹ́rìí pé ibẹ̀ ló wà. Wọ́n lọ gbé e. Mo wà lára àwọn tó gbé òkú Bàbá lọ sí ibojì. Ìyàwó wọn, Ìyá Rúkáyà, rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn, wọ́n ní, "Ìwọ lo kù fún wa o." Ọjọ́ yẹn ni oorun ti lọ.

Ọdún kan àti oṣù méjì kọjá, Tìmótì ṣì wà látìmọ́lé, kóòtù ń sún ẹjọ́ rẹ̀ síwájú. Mò ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, mò ń tì í. Oúnjẹ kò ní adùn lẹ́nu mi. Bí ẹnikẹ́ni bá pè mí lójijì, n óò kọ́kọ́ wo bóyá ọlọ́pàá ni.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan, ìyá àgbàlagbà kan sọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé àpótí igi kan lọ́wọ́. Mo mọ àpótí náà kí n tó mọ ẹni tó gbé e.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá."

"Ẹ káàbọ̀, mà."

"Èmi ni ìyá Tìmótì. Mo mọ̀ pé inú yín kò ní dùn láti rí mi. Ọmọ mi ní òun kọ́ ló pa Bàbá, mo sì gbà á gbọ́, èmi ni mo bí i. Mo fẹ́ ta ẹ̀rọ rẹ̀ kí n lè fi wá lọ́yà gidi. Òun ló ní ọ̀dọ̀ yín ni kí n kọ́kọ́ gbé e wá kí ẹ bá mi wò ó, pé ẹ ò ní rẹ́ mi jẹ."

Mo ṣí ìdérí àpótí. Káàdì Bàbá wà níbẹ̀, ìfọwọ́sí wọn rí wúruwùru, ó ti yẹ̀ kúrò lórí ìlà. Mo rántí bí ìka wọn ṣe lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀, mo fojú sí ọ̀pá ìwòran. Òpó tó wà ní òdìkejì odò fara hàn, okùn tí mo fà yọ nínú irun àtọwọ́dá ìyàwó mi sì dẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ṣé ó pé?" ni ìyá náà béèrè. "Ẹni tó fẹ́ rà á ní àfi kí ẹ sọ pé ó pé."

Ẹ wo bó ṣe rọrùn tó. Bí mo bá ní ó pé, yóò rí i tà, yóò gba lọ́yà, bóyá ọmọ rẹ̀ á tilẹ̀ bọ́, èmi náà á sì bọ́. Mo ti la ẹnu. Mo gbójú sókè wò ó. Ìyá yìí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ. Bí Bàbá ṣe fi ìka wọn lé mi lọ́wọ́ náà ló ṣe gbójú lé ẹnu mi.

"Kò pé, mà."

"Kí ló ṣe é?"

"Èmi ni mo ṣe é. Láti ọjọ́ tí mo ti tà á ni kò ti pé. Èmi náà ni mo pa Bàbá."

Kò pariwo. Ó jókòó pẹ̀ẹ́ sórí àga oníbàárà. Ó ní, "Tún un sọ." Mo tún un sọ. Ó dìde, ó so ìró rẹ̀ le, ó ní, "Ó yá, ká lọ. Ìwọ ni o ṣíwájú." Gbogbo "ẹ" tó ń pè mí ti tán, mi ò sì bá a wí.

Kẹ̀kẹ́ kan náà la jọ wọ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó di apá aṣọ mi mú gírígírí títí a fi débẹ̀, bí ẹni pé mo lè fò. Kò mọ̀ pé n kò fẹ́ lọ síbòmíràn mọ́. Nígbà tí mo sọ gbogbo rẹ̀ tán tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, ara mi fúyẹ́ bí ara ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Mo dùbúlẹ̀, mo sùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi kò tó ogún ọdún, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Lọ́yà tí ìjọba fún mi ní kí n sọ pé ọwọ́ mi ló ṣèèṣì. Mo ní rárá. Wọ́n tú Tìmótì sílẹ̀, ìyá rẹ̀ ń jó ní ọgbà kóòtù pẹ̀lú omijé. Mo rí wọn láti inú ọkọ̀ ẹlẹ́wọ̀n, inú mi sì dùn. Ẹ má bi mí bí inú irú èmi ṣe lè dùn. Ìyá Rúkáyà súnmọ́ ọkọ̀ náà. Wọ́n ní, "N kò tíì lè dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n o ti sọ ọ́." Ìyẹn tó mi. Ó ju ohun tó tọ́ sí mi lọ.

Ohun kan kù. Aláǹtakùn kan wà ní igun òkè yàrá mi níbí. Àwọn tó ń gbálẹ̀ fẹ́ gbá a, mo bẹ̀ wọ́n. Mo tọrọ igi ìgbálẹ̀ kan, mo tẹ̀ ẹ́ bí Bàbá ṣe kọ́ mi, mo mì ín jẹ́jẹ́, mo ká òwú rẹ̀ sórí igi náà, mo sì fi sínú agolo mílíìkì kó má bàa já. Wọ́dà wò ó títí, ó ní, "Ṣé okùn tí o fẹ́ fi sá lọ nìyí?" Mo ní, "Ọ̀gá wọ́dà, ẹ fà á wò bóyá á gbé mi." A jọ rẹ́rìn-ín. Àlùfáà tó ń bẹ̀ wá wò bá mi gbé agolo náà lọ fún Tìmótì, pẹ̀lú ìwé tí mo kọ nípa bí yóò ṣe tò ó.

Oṣù kan kọjá kí èsì tó dé. Kò gùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì lè wá wò yín. Mo fi òwú náà sí i. Mo wò ó lójú méjèèjì, láàárọ̀ àti lẹ́yìn Àìlà. Mo padà sí Alajue, mo tún ààlà wọn là níṣojú ìdílé méjèèjì, a sì ti hú òpó kúrò lórí sàréè. Ó pé." Mo ka ìwé náà títí ó fi há mi lórí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, n kò ní sọ fún yín pé kí ẹ má pa ènìyàn. Ẹ mọ ìyẹn. Èmi náà mọ̀ ọ́n nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí yín. N kò jí lọ́jọ́ kan kí n ní mo fẹ́ lọ pa ọ̀gá mi. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kéré ju ìyẹn lọ. Bí aláǹtakùn bá tán lẹ́yìn ilé, ẹ wọ igbó lọ wá òmíràn, bó tilẹ̀ rẹ̀ yín. Bí oníbàárà bá ń kánjú, ẹ jẹ́ kó kánjú lọ. Bí ẹni tí kò ríran bá sì na ìka rẹ̀ sí yín, tó bi yín pé ṣé ó pé, tí ẹ sì mọ̀ pé kò pé, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà gan-an. Inú lè bí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì yóò wà láàyè láti jọ jẹun alẹ́.